Ọmọ Jẹ Gbèsè, Ìyá Wọ Léèsì: Ojú Ò Tiẹ̀ Ń Tì Wá Mọ́ Ni?

Ẹ gbà mí o! Owó tí ìjọba yá ọmọ kó lè rí nǹkan fi sẹ́nu níléèwé ni ìyá rẹ̀ fi ra aṣọ ẹbí. Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, mi ò sì ní í dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà níbi òkú àgbà kan tí wọ́n ṣe láìpẹ́ yìí ní Ìbàdàn, tí ẹ sì rí ìyá kan tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, tí gèlè rẹ̀ ga débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ò rí onílù, ẹ ti fojú yín rí owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta gbáko. Léèsì àti gèlè, ₦60,000. Owó oúnjẹ ọmọ, ₦20,000 lóṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ wá ní ta ló sọ fún mi? Òun fúnra rẹ̀ ni! Níbi tí wọ́n ti ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ti ń fọwọ́ pa aṣọ rẹ̀ láyà, tó ń ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tinúbú o, òun ló ra eléyìí fún mi." Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́nìkan tó bi í pé kí ni ọmọ ń jẹ.

Gàárì lọmọ ń jẹ. Ọmọ àbúrò mi ló ń bá a gbé yàrá kan náà, òun ló ròyìn fún wa. Ó ní bí oṣù bá ti ń dàgbà, gàárì àárọ̀, gàárì alẹ́, epa ló sì ń fi ṣe ẹran. Bó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, èsì kan náà ni: "Mo ti fi dá àjọ fún ẹ, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà gbájú mọ́ ìwé ẹ." Àjọ wo? Àjọ tí wọ́n kó tán tí wọ́n fi rán bùbá!

Báwo ni owó ọmọ ṣe dé ọwọ́ ìyá? Ibẹ̀ gan-an lẹnu ti yà mí. Ìyá yìí ló bá ọmọ ṣí àkáǹtì nígbà tó wà níléèwé girama, nọ́ńbà fóònù ìyá ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá sì ni káàdì ATM wà títí dòní. Èmi àti ìyá yìí jọ dúró lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ṣe POS ní oríta wa lọ́jọ́ kan. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú káàdì jáde látinú ọ̀rá dúdú, ó nà án sí ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà ní, "Màámi, ẹ wá tẹ nọ́ńbà àṣírí yín." Ìyá ò tẹ nǹkan kan. Ńṣe ló pè é sókè ketekete, létí èmi, létí ọlọ́kadà méjì, létí ìyá alákàrà, ó wá fi kún un pé, "Ọdún tí mo bí i ni, mi ò lè gbàgbé." Olúwa mi o! Kò gbàgbé lóòótọ́. Àwa náà ò sì ní í gbàgbé.

Kí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ má baà ní ẹ̀gàn ni mò ń gàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí n là á. NELFUND ni orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin tó gbé e ró báyìí, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí ojú òpó tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀. Owó náà pín sí méjì. Owó iléèwé gan-an, ọ̀dọ̀ iléèwé ló ń lọ tààrà, ọmọ ò ní fojú kàn án. Èkejì ni owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù, tó ń wọ àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Kò ní èlé, kò béèrè onídùúró. Ṣùgbọ́n gbèsè ni méjèèjì o. Kì í ṣe sàráà, kì í ṣe owó ìdìbò. NIN ọmọ ló wà níbẹ̀, BVN ọmọ ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà JAMB ọmọ ló wà níbẹ̀. Kò síbi kankan tí wọ́n kọ "àti ìyá rẹ̀" sí.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, bó bá ti ríṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò máa yọ ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé pásítọ̀ nìkan ló ń gba ìdámẹ́wàá! Ẹ jẹ́ ká ní iṣẹ́ ₦70,000 lọmọ rí, èyí tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín ní owó òṣìṣẹ́ láti 2024. Ìdámẹ́wàá rẹ̀, ₦7,000. Mo jókòó, mo fi ₦7,000 pín owó léèsì yẹn. Oṣù mẹ́jọ kò tó, àfi kó wọ ìkẹsàn-án. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìyá fi gbé ọmọ nínú, oṣù mẹ́sàn-án lọmọ yóò sì fi san owó aṣọ tí ìyá wọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Ẹ má wulẹ̀ rò pé àwọn ìyá nìkan ni o. Ti bàbá kan tún wà tí mo bá sọ ọ́, ẹ ó káwọ́ lérí.

Ilé méjì ni bàbá yìí ní. Ilé àgbà wà nínú ìlú, ilé ìyàwó kékeré wà níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ọmọkùnrin ilé àgbà wọ yunifásítì ìjọba, ó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó, NELFUND sì san owó iléèwé rẹ̀. Bàbá mọ̀. Òun náà ló bá a ṣàdúrà nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárín oṣù, ó rán ohùn sí àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lórí WhatsApp, ohùn bí ẹni tó fẹ́ sunkún: wọ́n fẹ́ lé ọmọ jáde lára ìdánwò, òjò ti pa owó òun, orúkọ ìdílé fẹ́ bàjẹ́. Àbúrò tó ń bá wọn tọ́jú arúgbó lóru lóru níbẹ̀ yẹn kó owó ránṣẹ́. Èmi ti fojú ara mi rí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó kékeré. Táìlì ló wà nílẹ̀, gíláàsì ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àṣírí kì í pẹ́ tú. Nígbà tí ọmọ pe àbúrò bàbá rẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láti kí wọn kú ọdún, wọ́n bi í bóyá wọ́n ti jẹ́ kó ṣe ìdánwò. Ọmọ ní, "Ẹ̀n-ín? NELFUND ti sanwó látìgbà yẹn o, Dádì." Kẹ̀kẹ́ pa! Bàbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn kọ̀wé sórí WhatsApp ẹbí pé láti òní lọ, òun ò fi owó ránṣẹ́ sílé mọ́, ì báà jẹ́ tọ́rọ́.

Ta wá ni ìyà jẹ? Bàbá onílé méjì kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó wà ní yunifásítì aládàáni. Iléèwé ìjọba ni ẹ̀yáwó yìí wà fún, tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìkan ló ń wò. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, bàbá onílé méjì sì ń sọ fáwọn èèyàn pé ìwé ò wọ orí ọmọ náà. Ẹ ò rí i pé ayé le!

Kí ẹ má baà ní mò ń gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ, ẹ gbọ́ tọmọ kan. Bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀kadà. Ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iléèwé ń lé wọn kiri fún owó, tí ti NELFUND ò tíì wọlé, bàbá ta ọ̀kadà kejì tó fi ń gba owó ojoojúmọ́, ó sì san owó náà pé. Ẹ̀yáwó wá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iléèwé ti gbowó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n dá ọ̀kan padà. Ní ti ọmọ yìí, wọ́n dá a padà lóòótọ́. Kí lọmọ fi ṣe? Ó ra iPhone. Ó wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ó fi í síbi tí gbogbo adúgbò ti rí i. Bàbá tó ta ọ̀kadà ló ń fi fóònù oníbọ́tìnì pe ọmọ tó ń fi iPhone dáhùn pé, "Bàámi, nǹkan le níbí o, ẹ bá mi wá nǹkan." Irú ọmọ wo lẹ ń pe ìyẹn?

Mo ní ti ọmọ yìí ni wọ́n dá padà o, torí ti ọ̀pọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2025, ariwo ta débi pé ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, dá sí i, lórí ẹ̀sùn pé àwọn iléèwé kan gbowó lọ́wọ́ NELFUND tán, wọn ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, wọn ò sì dá ti àwọn tó ti san tẹ́lẹ̀ padà. Ilé ń jẹ ẹ́, wọ́n ní iléèwé ń jẹ ẹ́, ọrùn ọmọ ló wà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọbìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti jẹ gbèsè káàkiri, kò sí báńkì tó fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun fi orúkọ rẹ̀ yá owó kékeré kan ní báńkì, pé kò ní pé oṣù kan. Àbúrò kọ̀. Ẹ̀gbọ́n pe àǹtí wọn. Àǹtí kó ẹjọ́ wá: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà lẹ jọ jẹ́. Bó o bá dolówó lọ́la, ta lo fẹ́ kó jẹ ẹ́?" Ọmọ bá gbà. Ẹ̀gbọ́n kówó, kò san kọ́bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àǹtí ò mọ̀. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fàyè gba àwọn báńkì pé bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò san ẹ̀yáwó, wọ́n lè yọ owó wọn nínú àkáǹtì mìíràn tó bá ní lábẹ́ BVN kan náà, kódà bó bá wà ní báńkì mìíràn. Bí ₦20,000 ọmọ ṣe ń wọlé báyìí ni báńkì ń fà á lọ. Àlẹ́ẹ̀tì ìwọlé, àlẹ́ẹ̀tì ìjáde, kò tó kó o sẹ́jú. Ó ti jẹ gbèsè NELFUND láti fi san gbèsè tẹ́tẹ́ ẹlòmíì! Nígbà tó sunkún dé ọ̀dọ̀ àǹtí, àǹtí ní kó fara dà á, kó má jẹ́ kí aráyé gbọ́. Èmi ti gbọ́ o. Ẹ̀yin náà ti gbọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ rèé. Òfin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ẹ̀yáwó yìí ní 2023, ó ní bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá ti ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ọmọ ò lè yá. Ó ní kó mú onídùúró wá. Ó tún ní bí bàbá tàbí ìyá ọmọ bá ti yá owó rí tí kò san, wọn ò ní yá ọmọ náà. Àwọn èèyàn fi igbe ta, wọ́n ní kí ló kan ọmọ nínú gbèsè bàbá rẹ̀? Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Òfin 2024 yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ìjọba tí a kì í yìn fún nǹkan kan gbé gbèsè òbí kúrò lọ́rùn ọmọ. Àwa la tún gbé e padà! Lábẹ́ orúkọ ẹbí, lábẹ́ orúkọ "mo gbé ẹ fún oṣù mẹ́sàn-án", la fi ń gbé e padà sí i lọ́rùn.

Àwọn bàbá kan á jókòó sídìí ayò, wọ́n á ní, "Owó ìjọba ni, ta ló ń san án?" Mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ní 1972, nígbà Gowon, ìjọba dá ilé ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó yá owó nígbà náà kò dá a padà, owó náà dojú bolẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ló ń sọ fún wa báyìí pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní ò ní ìwà! Ní ayé tiwọn, ẹni tó bá ti kó kúrò ní Surulere lọ sí Kánò ti bọ́. Lónìí, ibi yòówù kọ́mọ ó lọ, BVN ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì fi irọ́ gba ẹ̀yáwó yìí, òfin ti ya ẹ̀wọ̀n sọ́tọ̀ fún un.

Mi ò ní ebi ò sí nílé o. Mo mọ ìyá tó ń ta ata láti ìdájí, tí bàbá ọmọ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, tí ọmọ mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá béèrè ₦3,000 lọ́wọ́ ọmọ, ta ló lè dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, irú ìyá bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ. Òun ló ń fi ẹ̀wà ránṣẹ́ síléèwé. Àwọn tó ń gba káàdì, ẹ máa rí wọn lórí ìjókòó iwájú lóde.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí mi. Bí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíì bá wà lórí àkáǹtì rẹ, tètè lọ sí báńkì lọ yí i padà sí tìrẹ, kí àlẹ́ẹ̀tì máa dé ọwọ́ rẹ. Gba káàdì tuntun. Má fi ọdún ìbí rẹ ṣe nọ́ńbà àṣírí, gbogbo oríta ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹbí tó nílò BVN rẹ fún nǹkan kan. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bí báńkì bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, tí ẹ̀gbọ́n ní kó o ka ohun tó wọlé sí òun létí, pa fóònù.

Bí owó bá wọlé, kọ́kọ́ ra ìrẹsì, gàárì, epo àti ìwé tó o nílò. Oúnjẹ tó ti wà nínú àpótí kò ṣeé fi ra aṣọ ẹbí. Kọ gbogbo ohun tó o ti yá sínú ìwé kan, owó iléèwé àti owó oúnjẹ pọ̀, kó o máa wò ó lóṣooṣù. Máa lọ wo ojú òpó NELFUND fúnra rẹ kó o lè mọ iye tí wọ́n san fún iléèwé rẹ àti ọjọ́ tí wọ́n san án. Fi rìsíìtì pamọ́. Bí ìdílé yín bá ti sanwó ṣáájú, kọ̀wé béèrè owó náà lọ́wọ́ iléèwé, bó bá sì dé, ẹni tó ta ọ̀kadà ló ni ín, iPhone kọ́. Bí ẹbí kan bá ń ràn ọ́ lọ́wọ́ láti òkèèrè, ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ fún un pé ẹ̀yáwó ti san èyí, kò tíì san tọ̀hún. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ ọ́.

Ẹ máa ní ọmọ Yorùbá ò lè kọ̀ fún àgbà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Màámi, ẹ má bínú, gbèsè ni, orúkọ mi ni wọ́n kọ. Bí mo bá ríṣẹ́ ọwọ́ ṣe níparí ọ̀sẹ̀, ẹ máa rí ti yín gbà níbẹ̀." Bí wọ́n bá yarí, wá àgbà kan nínú ẹbí tí kì í jẹ owó ọlọ́wọ́, màmá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá, kó o fi ìwé gbèsè náà hàn án lójú gbogbo wọn. Ẹni tó ń fi owó ọmọ ṣe fújà kì í fẹ́ kí wọ́n ka iye rẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin òbí, èmi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá yín sọ. Bí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ bá wù yín jẹ, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ ra fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu kọ̀ǹpútà, ẹ wọ yunifásítì ìjọba, kí ẹ wá fi NIN yín àti BVN tiyín forúkọ sílẹ̀. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ẹ ra léèsì tó bá wù yín. Èmi fúnra mi ni n ó bá yín pàtẹ́wọ́.